Ọdún tí Mo Ṣe Dókítà Omi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo kọ́kọ́ ṣe láyé, mo máa ń sọ fún un pé dókítà ni mí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá wá béèrè irú dókítà tí mo jẹ́, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí aláìsàn kan ṣoṣo ni mo ní, omi sì ni aláìsàn náà. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni a kó kúrò nínú yàrá méjì tí a ń gbé ní Muchia, níbi tí a ti máa ń gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń hanrun láti ẹ̀yìn ògiri, tí a sì lọ ń gbé inú ilé ńlá kan lọ́nà Basawa, ilé tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ilé náà kì í ṣe tiwa o. Alhaji kan tó jẹ́ ọ̀gá bàbá mi níbi iṣẹ́ ló kọ́ ọ, lẹ́yìn tó ti rin òkè òkun já. Nígbà tí wọ́n gbé Alhaji lọ sí Kàdúná, ó ní kí bàbá mi kó ìdílé rẹ̀ wọ ibẹ̀ kí ilé má baà dòfìfo, ohun kan ṣoṣo tó sì bẹ̀ ẹ́ ni pé kó bá òun tọ́jú omi náà kó má bàjẹ́. Bàbá mi ní kò séwu. Nínú gbogbo wa pátá, kò sí ẹnì kan tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́.

Ariwo ilé náà kò tíì kúrò létí mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni fèrè àwọn ṣọ́jà á ti dún láti bárékè, àwọn màlúù Fúlàní á máa dáhùn, obìnrin tó ń ta kókó, ìyẹn ògì mímu, àti àkàrà á máa ké bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, "Ga kosai nan, da zafinsa!", pé àkàrà gbígbóná rèé, ìyá mi á sì pariwo pé kí ẹnì kan gbé abọ́ jáde kó tó kọjá. Lábẹ́ gbogbo ariwo wọ̀nyí ni ẹ̀rọ adágún náà á máa kùn lọ bí arúgbó tó ń kọ orin ìjọ láìla ẹnu. Iyọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń lò. Iyọ̀ gidi, èyí tí a fi ń sebẹ̀, ni bàbá mi máa ń da odidi àpò rẹ̀ sínú omi, ẹ̀rọ á sì fi iná mànàmáná sọ iyọ̀ náà di oògùn tó ń pa kòkòrò. Omi náà kò níyọ̀ tó omi òkun; bí ẹ bá tọ́ ọ wò, bí omijé ló ṣe rí lẹ́nu. Hajiya tó múlé tì wá yọjú lórí ògiri ní ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ da iyọ̀ síbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Haba! Gishiri a cikin ruwa? Miya za ku yi ne?" Ó ń béèrè bóyá ọbẹ̀ la fẹ́ fi omi náà sè. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí ìyá mi pé ṣé ọbẹ̀ ti jinná.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní pí-éèṣì. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé omi lè kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì lè máa yọ̀ lọ́wọ́ bí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Bí ó bá kan jù, á máa ta ojú, á máa jẹ irin. Bí ó bá dà bí omi eérú, oògùn inú rẹ̀ á rọ, omi á máa hu ewé, nǹkan funfun bí ẹfun á sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri. Àgbedeméjì la ń fẹ́. Ẹ̀rọ oníyọ̀ yìí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà ló ń ti omi lọ sọ́dọ̀ omi eérú, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì máa ta ásíìdì díẹ̀ sí i bó bá yẹ. Alhaji fi àpótí kékeré kan sílẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí. A ó bu omi sínú ìgò tóóró, a ó kán oògùn kan sí i, omi á yí àwọ̀, a ó sì gbé e ti àwọn àwọ̀ tó wà lára àpótí: bó bá yẹ́lò, ó ti kan jù, bó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ti di omi eérú, èyí tó wà láàárín méjèèjì ló dára. Bàbá mi, tó jẹ́ pé ìṣirò owó ìjọba ni iṣẹ́ rẹ̀, gbé àpótí náà yẹ̀wò títí, ó ní, "Káyọ̀dé ló ń kọ́ kẹ́mísírì nílé ìwé. Òun ni kó máa ṣe é."

Ẹ wò mí bí mo ṣe rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gba ẹ̀wù funfun bàbá mi kan tó ti gbó, mo ká apá rẹ̀ sókè, òun ni mò ń wọ̀ lọ sídìí adágún ní àràárọ̀. Mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí mo bá ń kán oògùn. Mo máa ń gbé ìgò náà sókè sójú oòrùn, n óò dijú kan, n óò mi orí, n óò mi orí lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn ni n óò tó kéde. Àbúrò mi obìnrin, Fúnmi, tó máa ń tẹ̀ lé mi, ni mo sọ di nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa di ìdérí ìgò mú, kó sì panu mọ́. Ìyá Àgbà ló fún mi ní orúkọ oyè. Ìyá tó bí ìyá mi ni. Láti Òmù-Àrán ló ti wá bá wa gbé lọ́dún yẹn, kí ọmọ rẹ̀ lè máa tọ́jú orúnkún rẹ̀. Ó jókòó lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò mí bí mo ṣe ń dijú sí oòrùn, ó ní, "Dókítà Omi! Omi náà á yè bí?" Mo dáhùn pé á yè. N kò mọ̀ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Àgbà kì í sún mọ́ adágún náà. Kò fẹ́ràn omi tó bá ti ju inú garawa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn ọbẹ̀ kúkà, ọbẹ̀ ewé oṣè gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí ìyá mi kọ́ láti sè lọ́dọ̀ àwọn ará Zaria. Ọbẹ̀ eruku ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ òun ni í lá àwo rẹ̀ mọ́ jù. Bí a bá ń jẹun alẹ́ lórí ẹní, tí èmi àti Fúnmi bá ń fi Hausa jà nítorí ẹran, á ní kí a fi Yorùbá bú ara wa kí òun lè mọ ẹni tó jàre. Ó máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n pé òun kò sọ pé omi lọ́rẹ̀ẹ́.

Nígbà òjò ni aláìsàn mi kọ́kọ́ ṣe bí ẹni fẹ́ kú. Omi náà dọ̀tí, ó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀, nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ yípo. Mo dán an wò, mo kéde pé kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá mi ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í parọ́. A di ẹ̀bi náà ru òjò, a di í ru ewé máńgòrò, a di í ru ọ̀pọ̀lọ́ kan tí Fúnmi rí níbẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku bo ojú ọ̀run, omi náà mọ́ gaara, mo sì gba ìyìn. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí i pé ó pọ́n, lójoojúmọ́ ni mo sì ń ta ásíìdì sí i. Kò pẹ́ tí àkàbà irin tí wọ́n ń bá wọnú omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Ìró tí ìyá mi sá sẹ́bàá omi já bọ́ sínú rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú àwọ̀ tí ẹni tó hun ún kò mọ̀ rí. Bàbá mi wọ ṣòkòtò péńpé ní ọ̀sán Sátidé kan, ó lọ dúró nínú omi tó mù ún dé àyà, ó bọ́jú, ó sì fi ìgbéraga kí Hajiya lórí ògiri. Ní ọjọ́ kejì ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀ nínú ìsìn, títí tí ìyá arúgbó kan nínú ìjọ fi dì mọ́ ọn, tó ní Ẹ̀mí ti ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí a délé, ó pè mí. Mo ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ máa ń ta èèyàn lójú.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ kò ṣe ìrìbọmi rí. Odò ìlú wọn gbé e lọ díẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, láti ìgbà náà, bí ọjọ́ ìrìbọmi bá ti dé, inú á run ún, tàbí kí ẹnì kan kú ní ìlú kejì tó gbọ́dọ̀ lọ kí. Nísinsìnyí ó ti dàgbà, ó sì fẹ́ padà sílé lẹ́yìn ọyẹ́. "N ò fẹ́ kú bí adìyẹ tí òjò ò pa rí," ó sọ fún Pásítọ̀ ìjọ wa nígbà tó wá kí i. "Odò yín tó wà lọ́nà Dogarawa yẹn, n ò lè dé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀yìnkùlé ọmọ mi yìí, mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Bí ó bá ti mọ́ báyìí, tí kò sì ní ta mí lójú, n óò wọ̀ ọ́." Pásítọ̀ ní odò Dogarawa pàápàá ti gbẹ, Ọlọ́run ló pèsè adágún. Wọ́n mú ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Gbogbo ojú sì yí sí mi.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo wọ ẹ̀wù mi. Oòrùn dà bí owó bàbà nínú eruku. Mo kán oògùn, mo gbé ìgò sókè, mo mi orí, mo ní, "Pupa ni. Ó ti ń di omi eérú," mo sì na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì ásíìdì. Fúnmi dúró síwájú kẹ́ẹ̀gì náà, ìdérí ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá Káyọ̀dé, kí lẹ fẹ́ fi ásíìdì ṣe?"

"Mo ní omi ti pọ́n."

"Pọ́n kẹ̀? Wallahi, yẹ́lò ni. Ba ja ba ne, rawaya ne!"

"Nọ́ọ̀sì kì í dá dókítà lóhùn."

"Ẹ lọ ra ojú tuntun, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ariwo wa ló pe ìyá mi jáde. Ó wo ìgò náà, ó ní yẹ́lò ni, bí èso káṣú aláwọ̀ yẹ́lò. Bàbá mi jáde, ó wò ó, ó wo àpótí, ó tún wò ó. "Káyọ̀dé, yẹ́lò ni èyí." Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó ṣì yẹ́lò fún gbogbo ènìyàn àfi èmi. Kí n sọ òtítọ́, lójú tèmi, gbogbo àwọ̀ inú ìgò yẹn kò yàtọ̀ sí omi tíì: tíì tó fẹ́lẹ́ àti tíì tó ki. Èyí tó bá ki ni mò ń pè ní pupa, mo sì rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń rí i nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ohunkóhun kò fi pọ́n lójú mi nígbà òjò, tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, tí oòrùn sì mọ́lẹ̀ gan-an, tí gbogbo nǹkan sì wá pọ́n nígbà tí ọyẹ́ mú ojú ọjọ́ ṣú. Èdè wa náà bò mí láṣìírí. Pupa ni epo, pupa ni ẹ̀jẹ̀, pupa ni inú ẹyin, pupa ni ọmọ tó mọ́ lára. Ta ni yóò fura sí ọmọ tó ń pe gbogbo wọn ní pupa?

Bàbá mi kò pariwo. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé agbọ̀n tòmátì tí ìyá mi rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fàdámà tó ń bomi rin oko lẹ́ẹ̀rùn, ó gbé e ka iwájú mi. "Kó èyí tó pọ́n síbí. Kó èyí tí kò tíì pọ́n sọ́hùn-ún." Mo mú àkọ́kọ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Má tẹ̀ ẹ́. Ojú ni kó o fi wò ó." Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú ọyẹ́. Mo yà wọ́n bí ẹni tó ń ya òkúta. Nígbà tí mo parí, ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Fúnmi, tó ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti rán mi lọ já ata lẹ́yìnkùlé, tí mo já èyí tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n ní n kò fi ọkàn sí iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ àwọ̀ ewé kan àti pupa kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí, gbogbo rẹ̀ ló ń kọjá lójú ìyá mi. Ní tèmi, ohun tó ń dùn mí jù ni ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀ yẹn. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń bọ́ ẹ̀wù dókítà lójú gbogbo ayé.

Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀ láti abẹ́ máńgòrò. "Òjó nìyẹn," ó ní.

Ìyá mi ní, "Òjó wo, Màmá?"

"Àbúrò mi. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá rán an ní ẹyìn tó pọ́n, dúdú ni yóò gé wálé, yóò fi èyí tó pọ́n sílẹ̀ fún ẹyẹ. Bàbá wa á nà án. Lọ́jọ́ kejì á tún gé dúdú. Wọ́n ní ó gọ̀, wọ́n ní ó ń fi bàbá wa ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n nà án títí ó fi bá àwọn tó ń lọ sóko kòkó lọ, kò sì padà wálé mọ́." Ó fi etí ìró nu ojú. "Àṣé ojú ló ń ṣe é. Ẹ ò ní na eléyìí o."

"Ta ló fẹ́ nà án, Màmá?" bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ṣe gbọ́ ọ rí. Ó jókòó sí etí omi, ó bọ́ bàtà. Ó ti ń sọ fún gbogbo ará Òmù-Àrán tó bá kọjá ní Zaria pé mo máa di dókítà gidi. "Omi yìí ni ká mọ ohun tí a máa ṣe sí. Ó ti kan jù. Ilẹ̀ ọ̀la ló ń mọ́ yìí, a ò sì ní ohun tí a lè fi rọ̀ ọ́."

Ẹnu mi la fúnra rẹ̀. "Dádì, káún."

"Káún tí mo fi ń se ẹ̀wà?" ìyá mi béèrè.

Mo ní òun ni. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé pé ẹbí sódà ni káún, òun àti ásíìdì sì jẹ́ ọ̀tá. Ohun tó bá kan, káún á rọ̀ ọ́. Bàbá mi wò mí. Ó dà bí ẹni pé ó ń ya orí mi sọ́tọ̀ kúrò lára ojú mi, kó lè mọ èyí tí òun lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ó wá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nígbà tó dé láti ọjà Dogarawa, ó ń rẹ́rìn-ín: ẹni tó ta káún fún un bi í pé, "Shanunka nawa ne?", pé màlúù mélòó ló ní, nítorí àfi ẹni tó ní màlúù ló ń ra káún tó báyẹn. Ó ní nígbà tí òun sọ pé omi lòun fẹ́ fún ní káún, ọkùnrin náà fi èènì sí i, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run wo bàbá mi sàn. Ìyá mi gún káún náà lódó, a pò ó, a fi aṣọ funfun àtijọ́ sẹ́ ẹ, ẹ̀wù dókítà mi sì ni aṣọ náà. Mò ń ṣírò èyí tí a ó dà, mo sì ń kán oògùn. Fúnmi ń wo àwọ̀. Ó ń ké e síta bí ẹni tó ń polówó: "Ó ṣì yẹ́lò o! Ó ti kúrò ní káṣú! Ó ti fẹ́ di inú ìbẹ́pẹ!" Inú ìbẹ́pẹ la fẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó di inú ìbẹ́pẹ. Omi náà ṣú díẹ̀ nítorí káún, mo sì ń bẹ̀rù pé Ìyá Àgbà kò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kùn títí, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti mọ́ gaara.

Gbogbo ìjọ dé sí ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú suwẹ́tà lọ́rùn. Hajiya gbé àga sẹ́yìn ògiri tirẹ̀ kó lè ríran dáadáa. Ìyá Àgbà wọ aṣọ funfun, ó di bàbá mi mú lápá kan, ó di Pásítọ̀ mú lápá kejì, ó ń bá àkàbà ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi kan orúnkún rẹ̀, ó ké pé, "Yéè! Òtútù!" Ó dúró. Mo rí i tó wo ìsàlẹ̀ omi. Mo rí i tó wo àkàbà lẹ́yìn. Ẹ̀rù tó ń bà mí lọ́jọ́ náà ju tirẹ̀ lọ, nítorí òun kò mọ ohun tí ásíìdì lè fi ojú arúgbó ṣe, èmi mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Ó mi orí, ó di imú mú. Ó wọlẹ̀. Ó jáde. Omi ń dà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé. Kò là á. Kò là á. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ orin, ó ṣì dijú. Ni mo bá pariwo láti etí omi, "Ìyá Àgbà, ṣé ó ń ta yín?"

Ó la ojú. Ó wò mí tààrà. "Kò ta mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ti fi iyọ̀ pa omi yìí."

Ayọ̀ ni mo fi na ọwọ́ láti fà á gòkè. Etí omi yọ̀, mo sì bọ́ lọ sódì, níbi tó jìn. Mo ti sọ pé n kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Mo mu nínú omi tí mo fi odidi ọdún tọ́jú náà tó pọ̀ tó láti mọ̀ ọ́n dénú. Ọwọ́ Pásítọ̀ ló bá mi lọ́rùn ẹ̀wù. Ó gbé mi sókè, ó wò mí, ó ní, "Káyọ̀dé, ṣé kí n gbé ọ jáde, àbí ká kúkú parí rẹ̀?" N kò lè sọ̀rọ̀, mo kàn mi orí kó lè gbé mi jáde, gbogbo ìjọ sì ké pé "Àmín!" Ó tún tì mí wọlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Ìyá Àgbà wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà, à ń sín, à ń mu kókó gbígbóná. Mò ń ro ohun tí ọmọ tí kò mọ pupa lè fi ayé rẹ̀ ṣe. Ìyá Àgbà tú gèlè orí rẹ̀, ó nà án síwájú mi. "Dókítà, irú àwọ̀ wo nìyí?" Mo wò ó títí. Ó ki. Mo ní, "Pupa ni, Ìyá Àgbà." Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó mi orí, ó tún mi orí. "Pupa ni, ọmọ mi," ó ní, ó sì wé e padà dáadáa.

Ìyá Àgbà ti sùn ní Òmù-Àrán láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi di agbẹjọ́rò, dúdú àti funfun ni gbogbo aṣọ iṣẹ́ wa. Nígbà tí a jókòó láìpẹ́ yìí tí a ń rántí ilé Basawa, Fúnmi sọ fún mi pé gèlè náà kò pupa rí lọ́jọ́ kan, pé ó tutù bí ewé ẹ̀fọ́, gbogbo ilé ló sì mọ̀. Mo sọ fún un pé irọ́ ló ń pa.